Wákàtí Tí Máàpù Fi Pamọ́

Àyọ́ọ̀nù gbígbóná wà lọ́wọ́ ọ̀tún ìyá Máàpù, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan sì wà lábẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Alágbàfọ̀ ni. Yàrá tí ó ti ń fọṣọ, tí ó ti ń lọ aṣọ, ló wà níwájú ilé wọn, ooru kì í sì í kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kò gbé àyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó kàn ké sí ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Máàpù! Wá bá mi wo ohun tí àǹtí ẹ kọ."

Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn o. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Máàpù, torí pé bí olùkọ́ jọ́gíráfì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu láti dárúkọ ìlú kan, ọmọ náà á ti fi ìka tọ́ ọ lórí àwòrán ayé tó wà lára ògiri. Orúkọ náà tẹ̀ lé e délé. Inú ìyá rẹ̀ dùn sí i, inú ìyá ìyá rẹ̀ dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti Máàpù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ká sòótọ́, orí rẹ̀ ti ń wú díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá Máàpù, ni àǹtí kọ ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni àǹtí yìí, ìlú òkèèrè ló ti ń ṣiṣẹ́, Màmá Àgbà sì ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti bí ọdún kan tí wọ́n ń bá a tọ́jú ọmọ tuntun. Wọ́n ti ń padà bọ̀ wàyí, àwọn nìkan. Àǹtí ní bàálù yóò gbéra ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, yóò sì balẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní òun máa wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, wọn kì í sì í jẹ́ kí àwọn mú fóònù wọ yàrá àwọn aláìsàn, torí náà kí wọ́n jọ̀ọ́ tètè dé pápákọ̀ òfurufú. Òun ti kìlọ̀ fún Màmá Àgbà pé wọn ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan, wọn ò sì gbọdọ̀ tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni àfi ará ilé.

"Aago mẹ́ta," ni ìyá Máàpù wí. "Ó dáa. Láago kan, a ó ti wà lójú ọ̀nà."

Ọ̀ràn dé! Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn náà ni Adúmáadán fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí, láago mẹ́rin. Ta ni kò mọ Adúmáadán ní kíláàsì wọn? Láti ìgbà tí Máàpù ti dé ilé ìwé yẹn, ọmọ náà kò pè é wá sílé rí. Àwọn tó ń pè ni àwọn tí bàtà wọn ń tàn, tí aṣọ wọn kì í run ọṣẹ ìfọṣọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Máàpù, ìwọ náà gbọ́dọ̀ wá o." Ṣé irú ìyẹn ni èèyàn á fi sílẹ̀, tí á wá lọ jókòó sí pápákọ̀ òfurufú?

"Màámi, ẹ má kánjú," ni Máàpù sọ. "Aago ọ̀dọ̀ tiwọn ni àǹtí kọ yẹn. Tiwa fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú tiwọn. Tí mẹ́ta ọ̀sán bá lù lọ́dọ̀ wọn, mẹ́sàn-án alẹ́ ló lù níbí. Mẹ́sàn-án alẹ́ ni bàálù máa balẹ̀."

Ṣé irọ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ pa? Rárá o. Èsì tó bá ìfẹ́ inú rẹ̀ mu ló kọ́kọ́ rí, ó gbá a mú, kò sì wẹ̀yìn wò mọ́.

Àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀ tí ó ń dúró de ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Awakọ̀ takisí ni, òun ni yóò sì gbé wọn lọ. "Èmi ò mọ̀ jù," ló wí, "àmọ́ ẹ jẹ́ ká kúkú tètè lọ. Tí wọn ò bá tíì dé, a ó jókòó dè wọ́n. Ṣé ìjókòó ń pààyàn ni?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ fẹ́ lọ jókòó fún wákàtí mẹ́fà torí pé ẹ ò mọ bí ayé ṣe ń yí?"

"Ṣé ẹgbẹ́ ẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ ni?" ni ìyá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wà létè rẹ̀, awakọ̀ náà sì rẹ́rìn-ín. Ìyá tún wo ọmọ rẹ̀ lójú. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú dáadáa, Màámi."

Bí wọ́n ṣe fi mẹ́sàn-án alẹ́ sí i nìyẹn.

Nígbà tí ọjọ́ Àbámẹ́ta pé, Máàpù wọ aṣọ tí ìyá rẹ̀ fi àyọ́ọ̀nù lọ̀ bí ìwé tuntun, ó gbọ̀nà ilé Adúmáadán. Pálọ̀ wọn tóbi, bàlúùnù kún ògiri, kéèkì wà láàárín tábìlì, wọn ò tíì gé e. Wọ́n fi Máàpù jókòó sórí àga onírọ̀rí, láàárín àwọn ọmọ tí kò ti ibi kankan jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ayé wá ń yẹ ẹ́.

"Ìyá àgbà Máàpù wà nínú bàálù báyìí o," ni Adúmáadán sọ fún àwọn yòókù, bí ẹni pé ìyá tirẹ̀ ni. "Láti òkèèrè ni wọ́n ti ń bọ̀."

"Wákàtí mélòó ni wọ́n fi ń fò ó?" ni ọ̀kan nínú wọn béèrè.

Ibi tó dùn mọ́ Máàpù ni wọ́n tẹ̀ yẹn. Ó wú ikọ́ díẹ̀. "Ọ̀nà tó wà láàárín ìlú méjèèjì tó ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kìlómítà," ló wí. "Bàálù ńlá máa ń sá tó ẹgbẹ̀rin kìlómítà ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Ẹ pín in wò. Bíi wákàtí mọ́kànlá ni."

"Héè! Orí ọmọ yìí pé jù!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí, ọpọlọ rẹ̀ sì ń bá ìṣirò náà lọ fúnra rẹ̀, bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń gun àtẹ̀gùn tó ti mọ́ ọn lára. Wọ́n gbéra láago mẹ́wàá alẹ́. Wákàtí mọ́kànlá. Ìyẹn jẹ́ mẹ́sàn-án àárọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹ fi mẹ́fà kún un, kí ó lè jẹ́ aago tiwa. Mẹ́ta. Mẹ́ta ọ̀sán.

Mẹ́ta ọ̀sán ibí.

Ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Aago ibi tí bàálù máa balẹ̀ sí ni àǹtí kọ, wákàtí mẹ́fà náà ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ló tún lọ fi mẹ́fà mìíràn lé e. Ó gbójú sókè wo aago ara ògiri. Márùn-ún kò tíì lù, ó ku díẹ̀. Màmá Àgbà ti balẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan tó lọ pàdé wọn.

Ó yọ fóònù nínú àpò, ó wá nọ́ńbà ìyá rẹ̀ jáde, àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Títẹ̀ ló kù.

"Ta lo fẹ́ pè?" ni Adúmáadán wí. "Fi fóònù sílẹ̀ jàre! Ẹ wá, ká ya fọ́tò ká tó gé kéèkì."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ lórí fóònù létí gbogbo wọn? Pé òun ṣì í? Òun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún? Ó ti ń gbọ́ ẹ̀rín Bọ̀ọ̀dá nínú orí rẹ̀: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, báwo ni ayé ṣe wá yí sí?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí. Wọ́n á ṣì máa tò láti gba ẹrù. Ìlà máa ń gùn níbẹ̀. Màmá Àgbà kì í ṣe ọmọdé. Ó dá fóònù padà sínú àpò, ó sì lọ dúró sínú fọ́tò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró wò dáadáa. Ẹ gbàgbé ti ìṣirò. Ta ni kò ṣi ìṣirò rí? Ọwọ́ tó dá fóònù padà sínú àpò yẹn ni kí ẹ wò.

Kéèkì náà kò dùn lẹ́nu rẹ̀. Kò jó, kò lè jókòó, kò sì lè lọ. Bí ó bá dìde lọ báyìí, wọ́n á béèrè ìdí. Aago mẹ́fà ààbọ̀ tó ti bá ìyá rẹ̀ dá ló tó kúrò níbẹ̀, ó sáré títí dé ilé.

Nínú takisí, ìyá rẹ̀ jókòó síwájú, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n, inú rẹ̀ ń dùn pé òun fẹ́ rí ìyá òun. Ilẹ̀ ti ń ṣú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ sáré díẹ̀ sí i," ni Máàpù sọ.

"Sáré ká lọ ṣe kí ni? Ìwọ lo ní mẹ́sàn-án."

Pápákọ̀ òfurufú jìn sí wọn, ó lé ní wákàtí kan. Ìgbà tí wọn yóò fi dé ibẹ̀, aago mẹ́jọ ti kọjá.

Gbọ̀ngàn tí àwọn arìnrìn-àjò ń gbà jáde ti dá páropáro. Ọkùnrin kan ń nulẹ̀. Lórí ìjókòó onírin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Màmá Àgbà jókòó ṣinṣin láàárín àpótí mẹ́ta, báàgì wọn wà láyà, wọ́n sì fi ẹ̀wù òtútù bo itan. Obìnrin ẹ̀ṣọ́ kan ló pàdé àwọn ará ilé náà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ìyá yìí? Láti ọ̀sán ni wọ́n ti wà níbẹ̀ yẹn! Fóònù wọn ò ṣiṣẹ́ níbí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà yín kí n bá wọn pè yín, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti kìlọ̀ fún àwọn. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, pé ọmọ-ọmọ àwọn mọ ìgbà tí bàálù ń balẹ̀, kò lè ṣì í."

Ì bá dáa kí ilẹ̀ lanu kó gbé Máàpù mì.

"Màmá!" Ìyá rẹ̀ ti sáré lọ sọ́dọ̀ wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú! Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé bàálù tètè dé ni?"

"Ẹ ti dé," ni Màmá Àgbà wí. Ohùn wọn ti tín-ín-rín. Wọn ò dìde. "Ẹ máa gbé ẹrù lọ. Máàpù á mú mi bọ̀."

Ìyá rẹ̀ àti awakọ̀ fa àpótí lọ. Nígbà tí wọ́n rìn jìnnà díẹ̀, Màmá Àgbà di ọrùn ọwọ́ ọmọ náà mú.

"Aṣọ mi tutù," ni wọ́n sọ.

Kò kọ́kọ́ yé e. Ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn ni òórùn ìtọ̀ jẹ́ kí ó yé e. Màmá Àgbà ló dá iṣẹ́ ìfọṣọ ilé wọn sílẹ̀. Tí wọ́n bá rí àbàwọ́n bíńtín lára aṣọ oníbàárà, wọ́n á dá a padà sínú omi, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó rí ìdọ̀tí lára tiwọn rí. Àwọn ló wá jókòó báyìí, tí wọn ò lè wo ojú ọmọ-ọmọ wọn.

"Mi ò lè fi ẹrù sílẹ̀," ni wọ́n ń sọ. "Mo ní ẹ ó dé láìpẹ́. Mo mú un mọ́ra, mo mú un mọ́ra, títí. Má sọ fún ìyá ẹ. Jọ̀ọ́."

Màmá Àgbà ń sọ "jọ̀ọ́" fún un.

Máàpù bọ́ kádígàn rẹ̀, ó so ó mọ́ wọn ní ìbàdí, ó sì dúró sẹ́yìn wọn bí wọ́n ti ń rìn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ní ilé ìtọ̀ obìnrin, ó yọ aṣọ mìíràn nínú báàgì wọn, ó bá wọn pààrọ̀ aṣọ. Ó fi ọṣẹ tó wà létí ẹ̀rọ omi fọ èyí tó tutù, ó fún un, ó dì í sínú ọ̀rá. Omi náà tutù.

"Bóyá èmi ni mi ò gbọ́ ohun tí àǹtí ẹ sọ dáadáa," ni Màmá Àgbà wí lẹ́yìn rẹ̀. "Bóyá alẹ́ ló ní ẹ ó wá, tí mo gbọ́ ọ̀sán. Ọpọlọ mi ò jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́, Máàpù. Àgbà ti dé."

Ọ̀rọ̀ yìí dun ọmọ náà ju òórùn aṣọ lọ. Ojú ń tì í débi pé kò lè gbé orí sókè wo dígí tó wà níwájú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi wọ inú ọkọ̀, tí wọ́n sì ti rìn díẹ̀, ìbànújẹ́ ìyá Máàpù ti di ìbínú. Ó pe àǹtí, àǹtí kò gbé e, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ló bá gbé fóònù sẹ́nu, ó ń gba ohùn sílẹ̀ láti fi ránṣẹ́.

"Ìwọ tó o ra tíkẹ́ẹ̀tì, o ò mọ aago tó yẹ kó o kọ fún wa! O fi ìyá wa sílẹ̀ bí ẹrù tí kò lólúwa. Ṣé bí wọ́n ṣe bá ẹ tọ́jú ọmọ nìyẹn? Ṣé ohun tó o fi san án fún wọn nìyẹn?"

"Má bú u," ni Màmá Àgbà wí láti ẹ̀yìn. "Èmi ni. Èmi ni mi ò gbọ́ dáadáa."

"Màámi, ẹ má fi ránṣẹ́!" Máàpù ké. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́. Aago tí àǹtí kọ tọ̀nà. Èmi ni mo ṣì í."

Ìyá rẹ̀ yíjú padà. "O ṣì í? Ó dáa, àṣìṣe ni, kò—"

"Kì í ṣe ìyẹn nìkan." Omi ti ń dà lójú rẹ̀. "Mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mo wà nílé Adúmáadán. Mo tún un ṣírò, mo sì rí i pé Màmá Àgbà ti balẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mi ò pè yín. Ojú ń tì mí láti sọ pé mo ṣì í."

Awakọ̀ rọra ya sẹ́bàá ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rín tí Máàpù ti ń sá fún láti ìrọ̀lẹ́, kò rín in. Ọmọ náà ì bá fẹ́ kó rín in. Ìyá rẹ̀ wò ó títí, bí ẹni tó ń wo ọmọ ọlọ́mọ.

"Torí kéèkì," ló wí níkẹyìn. Ó pa ohùn tó gbà sílẹ̀ rẹ́, ó sì dojú kọ iwájú.

Màmá Àgbà, tí ọwọ́ wọn wà nínú ti Máàpù, wá fi ẹnu kan etí rẹ̀, kí àwọn tó wà níwájú má baà gbọ́.

"Aago mélòó lo mọ̀?"

"Ó ku díẹ̀ kí márùn-ún lù, Màmá."

"Ilẹ̀ ti ṣú," ni wọ́n wí, "kó tó di pé ara mi ò gbà á mọ́."

Wọ́n yọ ọwọ́ wọn kúrò nínú tirẹ̀, wọ́n gbé e lé itan ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe délé.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá Máàpù rí ọ̀rá náà, ó tú u, ó sì rí aṣọ tó dára tó ti rún wómúwómú nínú omi. "Ta ló ba aṣọ Màmá jẹ́ báyìí?"

"Ẹ̀bi mi ni, Màámi," ni Máàpù dáhùn.

"Ẹ̀bi ẹ náà! Lórí gbogbo ohun tó o ti ṣe!" Ó bá a wí gidigidi, ọmọ náà sì dúró gbà á, kò wí àwíjàre kankan. Lẹ́yìn náà ó fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tún aṣọ náà fọ̀, ó sá a, ó lọ̀ ọ́, ó sì gbé e lọ bá Màmá Àgbà ní yàrá wọn. Aago ìlú kejì ṣì wà lára wọn, oorun ń kùn wọ́n lọ́sàn-án gangan. Wọ́n yẹ etí aṣọ náà wò síwá sẹ́yìn.

"Jókòó," ni wọ́n wí. "Mo gbọ́ ohùn ìyá ẹ. O ṣeun tó ò sọ fún un."

"Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Ìṣirò tó o ṣì, mo ti dárí ẹ̀ jì ẹ́ kó o tó délé. Ó lè ṣe èmi náà. Àmọ́ gbọ́ o, ọmọ mi. Tí ojú bá fẹ́ tì ẹ́, jẹ́ kó tètè tì ẹ́. Ká ní o jẹ́ kó tì ẹ́ nílé ọ̀rẹ́ ẹ, ìwọ nìkan ni ì bá tì, kò sì ní í pẹ́ tí wàá fi gbàgbé. O sá fún un, o dákẹ́. Ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ gba ìtìjú yẹn. Èmi ló wá tì, níwájú àwọn àlejò, ní ọjọ́ ogbó mi."

Máàpù bú sẹ́kún.

"Wákàtí tó o mọ̀, tó o dákẹ́ yẹn," ni Màmá Àgbà wí, "mo máa dárí ẹ̀ jì ẹ́. Àmọ́ kì í ṣe lónìí."

"Mo gbọ́, Màmá."

Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri. Wọn ò ní kó jáde, torí náà ó jókòó síbẹ̀ tì wọ́n.